Ògbólógbòó Fúrẹ́ṣà

Láti 1992 tí Ìjọba Àpapọ̀ ti dá Póòlì sílẹ̀ ní Ẹdẹ Mápó Arógun, ìlú Tìmì Ọlọ́fà-iná, tí Yunifásítì Adeleke tẹ̀lé e ní 2011, tí ti Redeemer's náà sì kó ẹrù rẹ̀ wá bá wa láti Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwa tí a ní yàrá láti fi háyà fún ọmọ iléèwé ti ní ìkórè kan tí kò dúró de òjò. Ṣùgbọ́n bí òkété ti ń bá àgbẹ̀ pín ẹ̀pà, bẹ́ẹ̀ ni ayálégbé mi kan, ará yàrá ẹ̀yìn, ń bá wa kó nínú rẹ̀.

Ògbólógbòó Fúrẹ́ṣà ni mo sọ ọ́. Ó ti lo ọdún mẹ́rin níléèwé, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún bíi ti olórí ẹbí, síbẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ ìkíni-káàbọ̀ kan tí kì í bá àwọn ọmọ tuntun nàró nígbà tí wọ́n bá ní kí àlejò dìde kí a rí ojú wọn. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ bá fi ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kí àlejò lọ́jọ́ Àìkú, ọwọ́ iwájú ló jókòó sí. Bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, tó ti wà láti 1954, bá pe tiwọn, fìlà ti dé e lórí kí lèmọ́mù tó dé. Bí àwọn ọmọ bíbí Ọ̀fà bá sì ń kí ara wọn, ìyá tó bí ìyá rẹ̀ a di ará Ọ̀fà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n àwọn tó pa òwe yìí kò rí àwo tí a ń jù sí ààtàn bí a bá ti jẹun tán.

Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìyẹn. Nígbà tó bá yó tán ni yóò wá kó tíkẹ́ẹ̀tì àríyá ìkíni-káàbọ̀ tirẹ̀ jáde fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ: ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fún ìdúró, ìlọ́po mẹ́rin fún tábìlì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: “Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń jẹ́ fúrẹ́ṣà láyé.” Ẹni tó ti jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹrin ló ń wí bẹ́ẹ̀ o! Gbajúgbajà olórin kan ń bọ̀ láti Èkó. Láti ọdún mẹ́rin tí olórin yìí sì ti ń bọ̀, oríta Gbọ̀ngán ni mọ́tò rẹ̀ máa ń bàjẹ́ sí. Ní ìlú tí Ọba Adétòyèṣe Láoyè, ẹni tó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú kọ̀ǹgọ́ lu dùndún, a wá ń sanwó kí ẹ̀rọ lè di wá létí.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọmọbìnrin yàrá kejì, tí owó gáàsì àti owó ìwé jọ wà nínú àpò ìwé kan ṣoṣo, kúnlẹ̀ tọ̀ mí wá: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n rà á?” Mo ránṣẹ́ pe ará yàrá ẹ̀yìn, nítorí ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

“Èló ni ìwọ san lọ́dún tí o wọlé?”

Ó wo àjà, ó wo ilẹ̀. “Bàbá, èmi ni mo wà lẹ́nu géètì lọ́dún náà.”

Ọmọ náà fi owó rẹ̀ ra gáàsì. Ọjọ́ màtíríkúléṣọ̀n, tí òun àti ọ̀rẹ́ tó rí lórí ìlà ìforúkọsílẹ̀ jọ wọ aṣọ ńlá, tí wọ́n sì búra níwájú àwọn olùkọ́ wọn, n kò rí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ti Ògbólógbòó, ó jẹ mí ní owó ilé oṣù mẹ́fà, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló sì kó fún mi pé kí n fi dín in kù. Wọ́n ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ẹni tó bá fẹ́ wọn kó wá gbà wọ́n. N kò ní í gba kọ́bọ̀.