Onílù Tó Ń Fá Awọ Ìlù Ara Rẹ̀

"Awọ ò kájú ìlù," làwọn àgbà ń wí bí owó ilé kò bá tó ná. Ní tiwa lónìí, awọ kájú ìlù régí. Onílù fúnra rẹ̀ ló mú abẹ tó ń fá a, ó ní òun fẹ́ kó dán.

Awọ ara wa ni mò ń wí. Bí a bá gbẹ omi inú rẹ̀ tán, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó kù, kọ́lájìn ni. Fọ́nrán mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn bí osán dùndún, òun ló ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ le. Elásítììnì ló ń dá awọ tí a fà padà sáyè rẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni kọ́lájìn ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá sì dáwọ́ dúró, ó ń yára sí i. Ìyẹn kì í ṣe àrùn, ọjọ́ orí ni.

Àǹtí wa kò gbà. Ó lọ bá oníìpara abóra. Ìyẹn fún clobetasol sínú ike ńlá, oògùn ara yíyún tí kò yẹ kéèyàn lò ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ láìdáwọ́ dúró, ó fi ọmọrogùn rò ó, ó pè é ní ògidì ewé. Oògùn yìí kì í jẹ́ kí ara ṣe kọ́lájìn tó mọ́. Ọdún ń gorí ọdún, awọ ń fẹ́lẹ́. Oòrùn sì ń gé èyí tó kù, nítorí dúdú tí ì bá dènà rẹ̀ ni wọ́n ti bó. Ọjọ́ tí iṣẹ́ abẹ bá dé, òwú ń ya awọ, egbò kọ̀, kò jiná.

Àǹtí wá ra kọ́lájìn alátíkè, owó gọbọi. Kí ni wọ́n fi ṣe é? Awọ màlúù àti awọ ẹja! Àǹtí yìí kan náà ló ń sọ ní búkà pé, "Ẹ má fi pọ̀nmọ́ sí i, kò ṣara lóore." Ní 2022, àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ní Zaria fẹ́ kí òfin de pọ̀nmọ́. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ de alátíkè. Kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o: pọ̀nmọ́ náà kò ní na ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Inú ń lọ méjèèjì kúnná ni. Kọ́lájìn tí wọ́n pò mọ́ ìpara tóbi ju ohun tó lè gba ojú awọ wọlé lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ dáàbò bo awọ yín lọ́wọ́ oòrùn, agboòrùn kò wọ́n. Ọsàn ní fítámì C tí ara kò lè ṣe kọ́lájìn láìsí i. Bí ẹ bá ti ń fi ìpara clobetasol para tipẹ́, ẹ má kàn sọ ọ́ nù lójijì, ara lè tún bínú. Ẹ gbé ike náà dání lọ bá dókítà awọ ara.