Bàbá Tó Sanwó Kí Ọmọ Má Dé Oko

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Ọmọ ni wọ́n bá wí nígbà náà. Bí wọ́n bá tún ayé wá lónìí, baba ọmọ ni wọn ìbá kọ́kọ́ fà létí, torí owó ló ń san báyìí kí ọmọ rẹ̀ má baà dé oko ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ètò àwọn agùnbánirọ̀. Oṣù Kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí. Ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, ọdún 1973, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon gbé ètò náà kalẹ̀, kí ọmọ tó jáde yunifásítì lè sìnlú fọ́dún kan níbi tí kì í ṣe ìlú rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ para wọn tán ní kí àwọn ọmọ lọ mọ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n pín ọmọ sí Kébí ní Àríwá lónìí, ilé dàrú nìyẹn. Mọ́mì ń gbààwẹ̀, Dádì ń pe ọ̀gá kan l'Ábújá. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bùdó agùnbánirọ̀ tó pé, ọmọge tí kò ní àfẹ́sọ́nà ti di ìyàwó orí ìwé l'Ékòó. Ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù láràárọ̀ ti di oníkọ́ọ fée, kí wọ́n ṣáà lè dá wọn padà sílé. Kò pẹ́, agùnbánirọ̀ ti wà nílé, ó ń wọ kakí ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì ìyá rẹ̀.

Ọdún yípo, ìwé ẹ̀rí dọ́wọ́, ó dọ̀gá níbi iṣẹ́. Ìgbà náà lẹ ó gbọ́rọ̀: "Àwọn Gàm̀bàrí? Mo mọ̀ wọ́n dáadáa!" Aláùsá tó ń sun súyà ní ìkóríta ni gbogbo Àríwá tó mọ̀, kò sì béèrè orúkọ ọkùnrin náà rí.

Mi ò bú ẹni tó ń bẹ̀rù. Wọ́n pa àwọn agùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Báúṣì lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2011, ajínigbé sì ń bẹ lójú ọ̀nà títí dòní. Ìyá tí kò fẹ́ kí ọmọ òun kú kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó tí wọ́n pín sí Òkè-Ògùn náà ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun kúrò, torí pé iná kò sí. Ṣé ẹ̀rù ogun nìyẹn àbí ìgbéraga?

Ẹni tó dúró níbi tí wọ́n pín in sí, tó kọ́ ọmọ elédè mìíràn ní ìṣirò, tí ìyá onílé bu túwó fún nígbà tí owó oṣù kò tíì wọlé, kì í tètè sọ pé "bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn." Ó ti mọ èyí tó láàánú láàárín wọn, ó mọ ahun, ó mọ ọ̀lẹ, bó ṣe mọ̀ wọ́n nílé baba tirẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, níbi tí ewu kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ. Bí ẹ bá kọ̀, tó sì dé ipò lọ́la, tó ń ṣòfin fún àwọn tí kò mọ̀ rí, ẹ má bi wá léèrè ibi tó ti kọ́ àìmọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ sanwó rẹ̀.