Mọ́tò Tó Ń Fi Sípíkà Bú Ramúramù

Ẹ̀yin onímọ́tò olówó ńlá, ẹ kú ìnáwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi lónìí. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi yìí, bí mo bá gbé e mì, yóò há mi lọ́fun. Wọ́n ní ohùn ẹ́ńjìnnì yín kì í ṣe ohùn ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní inú sípíkà rédíò ló ti ń wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Ìdó-Èkìtì kọjá lọ́jọ́ Sátidé, tẹ́ ẹ ń lọ sí ìnáwó òkú àgbà ní Ọ̀tùn, tẹ́ ẹ wá ń tẹná mọ́ mọ́tò níwájú àwọn ọmọge, ṣé wọ́n ti sọ fún yín? Èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo tó ń mú orí yín wú yẹn, inú ọkọ̀ ló pin sí. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ọ. Táyà tó ń fọ́ òkúta wẹ́wẹ́ làwọn ọmọge gbọ́.

Ọdún 2011 ni BMW gbé M5 tuntun jáde, onísílíńdà mẹ́jọ, tọ́bò wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ tọ́bò ni kó gba èéfín tó ń jáde, kó fi agbára rẹ̀ yí ara rẹ̀, kó lè máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Ohùn tó yẹ kó bú jáde, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ẹnu sailẹ́ńsà. Wọ́n tún wá dí gbogbo ara ọkọ̀ náà pa, kí ariwo ìta má baà da olówó láàmú. Olówó wọlé, ó jókòó, kò gbọ́ nǹkan kan, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Làwọn ẹnjiníà bá gba ẹ̀yìn sípíkà gbé ariwo ọ̀hún padà wọlé fún un. Ẹ ò rí bí owó ṣe ń ṣe èèyàn: ó sanwó kí wọ́n lé ariwo jáde, ó tún sanwó kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ kó máa bọ̀ nílé.

Ford náà dán irú rẹ̀ wò lára Mustang onísílíńdà mẹ́rin ti ọdún 2015. Volkswagen ní tiwọn fi ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Soundaktor sábẹ́ gíláàsì iwájú, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa gbọ̀n kí ọkọ̀ lè máa kùn. Nígbà táwọn kan nínú àwọn tó ni ín rí i, ṣe ni wọ́n fa wáyà rẹ̀ yọ. Àwọn yẹn nítìjú.

Ẹ jẹ́ ká fi iyán ṣàlàyé, torí ọmọ Èkìtì kì í ṣi ọ̀rọ̀ iyán gbọ́. Ká ní olóúnjẹ kan ro póńdò sínú ìkòkò, tó gbé sípíkà pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì, tí sípíkà ń lù "gbì, gbì, gbì" bí ọmọ odó. Oníbàárà á ti máa gbé itọ́ mì, á ti ká apá ẹ̀wù sókè. Ọ̀nà ọ̀fun ló máa tú àṣírí.

Àwọn mọ́tò oníná mànàmáná wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó di 2019, BMW kéde pé Hans Zimmer ló ń bá àwọn ṣe ohùn fún mọ́tò tí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá. Ọkùnrin tó gba Oscar lórí orin fíìmù The Lion King ni o! Ẹni tó ti bá kìnnìún ṣiṣẹ́ ni wọ́n ní kó wá kọ́ bátìrì bí wọ́n ṣe ń bú. Ní 2022, Dodge ní Charger oníná tàwọn yóò máa pariwo dé desibẹ́ẹ̀lì 126. Ẹ má ṣe gbé ìyẹn gba iwájú ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó o, aláìsàn tí wọ́n fi omi sí lára á fa abẹ́rẹ́ yọ, á sì ṣáájú dókítà dé ẹnu géètì. Hyundai Ioniq 5 N tó jáde lọ́dún 2023 tún ń díbọ́n pé òun ń pààrọ̀ jíà. Kò ní jíà tó ń pààrọ̀! Ṣùgbọ́n á gbọ̀n jìgì, á tún kùn, bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí kẹta. Dẹ́rẹ́bà àtijọ́ tó wa Peugeot 504 títí èjìká fi ń ro ó, tó bá gbọ́ èyí, ẹkún ló máa sun.

Ti Tesla ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n fi ohun kan tó ń jẹ́ Boombox sínú ọkọ̀ wọn, tí onímọ́tò lè fi ní kó ké bí ewúrẹ́, kó pàtẹ́wọ́, àní kó só. Ní oṣù kejì ọdún 2022, mọ́tò 578,607 ni wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe lára wọn ní Amẹ́ríkà, torí ó lè bo ohùn tó yẹ kó ki ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nílọ̀ mọ́lẹ̀. Ká ní Ìdó ló wà ni, kó tó ké "mẹ̀ẹ̀" lẹ́ẹ̀mejì, òbúkọ mẹ́ta á ti tẹ̀ lé e délé, ẹni tó ni wọ́n á sì ti dé tẹ́ṣàn ọlọ́pàá.

Ibì kan wà tí n kò ti ní bú wọn. Mọ́tò oníná tó bá ń rìn jẹ́jẹ́ kò lóhùn, afọ́jú tó ń fi etí ríran kò sì ní mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ìyẹn ni Yúróòpù ṣe pàṣẹ pé láti oṣù keje 2021, gbogbo mọ́tò oníná tuntun gbọ́dọ̀ máa dún bí ìsáré rẹ̀ kò bá tíì ju kìlómítà 20 ní wákàtí kan, àti bó bá ń fẹ̀yìn rìn, kó má sì kọjá desibẹ́ẹ̀lì 75. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ gbé e wá sí Ìdó kí n rí i! Láàárín jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà Boxer tí wọ́n ti gé sailẹ́ńsà rẹ̀, àti alágbo jẹ̀díjẹ̀dí tó gbé gbohùngbohùn dání, ta ló máa gbọ́ "hùùù" bátìrì? Kòtò tiwa náà kì í sì í jẹ́ kí mọ́tò ju 20 lọ. Yóò kàn máa kọrin láti Ìfàkì dé Ọ̀tùn ni, láìmí.

Ariwo mọ́tò tiwa, ọ̀rọ̀ gidi ló ń sọ. Bó bá ń ké "kò-kò-kò" nígbà tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn, ṣááfù ni. Bó bá han "kíìì" láàárọ̀, fáńbẹ́ẹ̀tì ni. Mẹkáníìkì á dìde lórí táyà tó fi ṣe àga, á ní "Ẹ tún un tẹ̀," á dijú, á sì ti mọ iye tẹ́ ẹ máa san. Kí ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mọ́tò tó ń purọ́? (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ta kátálíìsì Corolla yín fún aláàkìrì, tó wá ń bú bí ọkọ̀ òfuurufú, tẹ́ ẹ ń sọ fún ará àdúgbò pé "spọ́ọ̀tì" ni, mo rí yín o. Ẹ má rò pé mo gbàgbé.)

Èmi ń dúró de ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò olóhùn sípíkà yìí máa dé Ìdó ní Tòkunbọ̀, tí ohùn rẹ̀ á há. Mẹkáníìkì á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì yín, ẹ lọ bá riwáyà." Riwáyà á fi tẹ́sítà kan wáyà méjì, á ní ọ̀rọ̀ onírédíò ni. Onírédíò á tú ampilifáyà, á fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, á wo onímọ́tò lójú.

"Ọ̀gá, ti BMW ò sí lọ́jà. Ti Kàmírì wà, ti bọ́ọ̀sì elérò náà wà. Mo tún ní ti lọ́rì Bẹ́dífọ́ọ̀dù, àmọ́ ìyẹn máa wọ́n díẹ̀, torí ojúlówó ni."