Ṣekárími Oníkọ̀ǹpútà

Ẹ ò ní í ya ojúlé mẹ́wàá ní Railway Quarters, Sabon Gari, Kánò, kí ẹ má bá ọ̀kan nínú àwọn ṣekárími oníkọ̀ǹpútà. Ilé tí reluwé kọ́ fún òṣìṣẹ́ ló ń gbé, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì pálọ̀ rẹ̀, mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ 64GB. Gíláàsì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, kí iná pupa àti búlúù tó ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀ má bàa ṣòfò. Kí ló ń fi í ṣe? Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni. Ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Tó bá tẹ̀ ẹ́ tán, a máa ta Solitaire.

Ẹ bi í pé kí ni gbogbo agbára yẹn wà fún, á rọra rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ iwájú ni mo rà á dè." Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí títí ó fi sú mi. Nígbà tó ra 8GB, ọjọ́ iwájú ni. Ó tà á lọ́pọ̀ ní Beirut Road, ó ra 16GB. Ọjọ́ iwájú ni. 32GB tẹ̀ lé e, ọjọ́ iwájú náà ni. Ọjọ́ iwájú ọ̀hún ti dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bá a nídìí àkọsílẹ̀ ìpàdé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ kò sí nínú ọjọ́ iwájú yìí o. Ìyẹn, tí wọ́n bá lé wọn wálé, a ó mọ bí a ó ṣe ṣe é.

Àlejò kì í jókòó tán kó tó ṣí ojú ibi tó ń fi iye mẹ́mórì hàn án. "Ẹ wò ó, ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń lò!" Ohun tó ń fi yangàn ni pé ìdá mẹ́sàn-án nínú ohun tó fowó rà kò níṣẹ́.

Bí NEPA bá múná lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré, "I pass my neighbour", ló kù. Kò lè gbé kọ̀ǹpútà àti fíríìjì pọ̀, fíríìjì tí ìyàwó fi ń ta omi tútù ni wọ́n sì máa ń yọ.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, omi mi ti ń gbóná."

"Ìyá Ìbejì, ṣe sùúrù, ó ń ṣe update lọ́wọ́."

Lóṣù kẹrin, tí ooru Kánò ń sún mọ́ 40°C, fáànù kan ṣoṣo tó wà nílé kọjú sí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ ń làágùn lórí ẹní. Ìkà ni, ẹ má jẹ́ kí n fọ̀rọ̀ bò.

Àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwià náà ò dáa. Windows 95 ní 4MB tó òun. Windows 11 tó jáde ní 2021 ń béèrè 4GB ó kéré tán, ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà tí a ń tẹ̀ kò gùn ju tàtijọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ àpù ìfiránṣẹ́ ni wọ́n di odidi browser sínú rẹ̀ kó tó lè gbé "ẹ káàárọ̀" dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì: tírélà tó ru garawa omi kan. Ní 1995 ni Niklaus Wirth, ọmọ Switzerland tó ṣe èdè Pascal, ti kọ̀wé pariwo pé bí sọ́fítíwià ṣe ń wúwo ń yá ju bí ẹ̀rọ ṣe ń yára sí i. Kọ̀ǹpútà tó darí Apollo 11 lọ sí òṣùpá ní 1969, nǹkan bí 4KB ni mẹ́mórì tó fi ń ṣiṣẹ́. Ti Bàbá Ìbejì fi ìlọ́po mílíọ̀nù 16 jù ú, kò sì tíì gbé e dé Kàdúná.

Ṣùgbọ́n ẹ má bú àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwià lójú rẹ̀. Ìnákúnàá tiwọn ló fi ń ṣe fáàrí. Bí sọ́fítíwià bá tún sanra sí i, inú rẹ̀ á dùn: ó ti rí ìdí tí yóò fi ra òmíràn.

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ní kó tẹ lẹ́tà ojú ewé kan jáde, printer rẹ̀ ò ní íńkì. Ó kó o sínú flash, ó gbé e lọ sí business centre kan ní Aitken Road. Tòkunbọ̀ 2GB tó wà níbẹ̀ ò lè ṣí fáìlì náà. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní kí bàbá máa pè é sóun létí, ó sì tẹ̀ ẹ́ tán kí wọ́n tó rí ṣéńjì fún un.

"Kọ̀ǹpútà yín yìí ti kéré jù," ni bàbá wí, ó ká lẹ́tà sápò, ó ń lọ.