Ara Rọ Okùn, Ara Rọ Adìẹ

Àwọn àgbà tó pa á lówe pé adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ, wọn ò dé Ilo-Awela ní Ọ̀tà rí. Ká ní wọ́n dé ibẹ̀ ni, kí wọ́n sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lẹ́bàá Tóòlùgéètì, wọn ì bá ká òwe wọn nílẹ̀ bí ẹni ká ẹní. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, adìẹ ń bà lókùn láti òwúrọ̀ títí dalẹ́; okùn ò mì, adìẹ ò ta pútúpútú. Ara ti rọ àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n fi okùn náà hàn yín ná, kí n tó dé orí adìẹ.

Àbúrò mi kan ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà. Ọdún mẹ́ta ló fi dá àjọ kó tó ra ọkọ̀ Tòkunbọ̀ kan. Ọkọ̀ náà ń dán gbinrin. Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń fẹ́, rédíò rẹ̀ ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ládùúgbò wa. Nọ́ńbà nìkan ni kò ní. Láàárọ̀ Sátidé ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Wọ́n ní kí n gbé ọkọ̀ yìí lọ fún àyẹ̀wò kí ìwé rẹ̀ tó lè pé. Wọ́n tún ní ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ ò bá tíì pé, kò gbọ́dọ̀ fi táyà kan ojú títì. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbé e rù ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi. Ìbéèrè yẹn gan-an ni okùn.

Òfin ìrìnnà wa sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ tí a kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójú pópó. Àjọ FRSC, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká ọmọ Abẹ́òkúta sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ti kọ ẹ̀ṣẹ̀ nọ́ńbà sínú ìwé ìtanràn rẹ̀: 3,000 náírà. Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó kéré jù fún ọkọ̀ ara ẹni, tó ń dáàbò bo ẹlòmíràn tí ọkọ̀ rẹ lè ṣe léṣe, fò láti 5,000 náírà sí 15,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó yẹ kí àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, fojú ara wọn rí bírèkì, iná, táyà àti wáípà, kí wọ́n tó kọ̀wé pé ọkọ̀ yẹ ojú pópó. Ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ rìn láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò láìjẹ́ pé ó rìn débẹ̀. Ẹni tó bá bà lé irú okùn bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ara má rọ̀ ọ́.

Àmọ́ ẹ wá wo adìẹ Ọ̀tà.

Èyí àkọ́kọ́ ni adìẹ onípátákó. Ó gba pátákó tí oníṣòwò ọkọ̀ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí, ó gbé e síbi tí nọ́ńbà ìjọba yẹ kó wà. Oṣù mẹ́fà kọjá, pátákó ń bẹ níbẹ̀. Ọkọ̀ ti gbé ìyàwó, ó ti gbé òkú, ó ti gbé ìrẹsì ọdún, nọ́ńbà rẹ̀ ò tíì dé. Bí ẹ bá bi í, á ní, "Mo ṣì ń tọ́ ọkọ̀ yẹn wò ni."

Èkejì ni adìẹ onífìlà. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó jẹ́ sójà. Fìlà ẹ̀gbọ́n náà ló ń jókòó níwájú ọkọ̀, lẹ́yìn gíláàsì, bí òrìṣà ojúbọ. Ẹni tó ni fìlà wà ní Màídúgùrì. Fìlà nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ìlú ní Ṣàngó-Ọ̀tà.

Ẹ̀kẹta ni adìẹ òwúrọ̀ kùtù. Òun mọ aago tí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró ń jí, ó sì mọ aago tí wọ́n ń jẹun. Bí ẹ bá rí i tó ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú inú àdúgbò láago márùn-ún àárọ̀, ẹ má pè é lólè. Ibi iṣẹ́ ló ń lọ.

Ẹ̀kẹrin ló gbọ́n jù, ìyẹn adìẹ oníwèé. Ó ní ejẹ́ǹtì. Àbúrò mi náà ti bá irú ejẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó wá bá mi. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀yin ẹ ṣáà sinmi. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáṣíì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Ọkọ̀ á máa sùn nílé, ìwé rẹ̀ á lọ ṣàyẹ̀wò, á sì bọ̀. Ibi tí àwọn ejẹ́ǹtì ti ń rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má bi mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó dà bí aláìsàn tó fi fótò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà, tí èsì sì dé pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ru.

Okùn ńkọ́? Okùn náà ti kọ́ bí a ṣe ń gbé adìẹ. Ẹni tó na ọwọ́ sójú títì láti dá ọkọ̀ dúró kì í bèèrè bírèkì. Ó ní, "Pátíkúlà yín dà?" Bí pátíkúlà ò bá pé, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣe wá lóore." Owó díẹ̀ bọ́ láti ọwọ́ kan sí òmíràn, ọkọ̀ kọjá. Ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí oko rẹ̀ wà nínú Ọ̀tà kan náà yìí, ló palẹ̀ àwọn tóòlùgéètì mọ́ lójú ọ̀nà wa. Géètì lọ, orúkọ rẹ̀ kù lẹ́nu kọ̀ǹdọ́. Ẹ má ṣì mí gbọ́: kò sẹ́ni tó tún gba owó níbi géètì mọ́. Ó kàn jẹ́ pé géètì náà ti ní ẹsẹ̀ ni, ó ń rìn kiri.

Mo bi àbúrò mi ní ìbéèrè kan tí ejẹ́ǹtì ò bi í: "Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ọkọ̀ yìí dà?" Ìdí tí mo fi bi í ni pé láti Ojú-Ọrẹ nínú Ọ̀tà wa yìí, ọ̀nà kan wà tó lọ tààrà sí Ìdí-Ìròkò, lẹ́nu bodè tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Kútọnu ti máa ń gbà wọlé. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2017, ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnu bodè orí ilẹ̀. Èbúté ọkọ̀ ojú omi nìkan ló kù. Ọkọ̀ tó bá gba inú igbó wọlé lẹ́yìn ọjọ́ náà, àyẹ̀wò kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ọmọ tí a bí láìní ìwé ìbí ni. A lè wọ̀ ọ́ láṣọ, a lè fún un ní nọ́ńbà, ọjọ́ tí wọ́n bá bèèrè bàbá rẹ̀ ni ariwo máa sọ. Ti àbúrò mi pé, mo dúpẹ́. Èbúté Àpápá ló gbà wọlé.

Nígbà náà ni mo sọ fún un bí àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń ṣe é. Ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta níbẹ̀ ń gba ìwé àyẹ̀wò MOT lọ́dọọdún. Bí ìwé náà bá ti kú, ẹ ò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ náà mọ́, àfi bí ẹ bá ń wà á lọ síbi àyẹ̀wò tí ẹ ti gba àkókò sílẹ̀ fún, tí ìnṣọ́ránsì yín sì pé. Ọ̀nà àyẹ̀wò ni òfin ṣí, kì í ṣe pé kéèyàn gbabẹ̀ yà sóde ìsọmọlórúkọ. Àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ibẹ̀ náà ní nọ́ńbà tiwọn, lẹ́tà pupa lórí funfun, tí wọ́n ń gbé lé ọkọ̀ tí kò tíì ní orúkọ. Ẹni tó ta okùn yẹn rántí pé adìẹ ní ẹsẹ̀. Àwa náà ní nọ́ńbà oníṣòwò nínú òfin tiwa. Ayédèrú àbúrò nọ́ńbà yẹn ni pátákó tí adìẹ àkọ́kọ́ gbé kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í ṣe oníṣòwò ọkọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, ohun tí o fi ṣeré láàárọ̀ ni ká ṣe. Gbé e rù."

A pe ọkọ̀ tówìn. Wọ́n fa Tòkunbọ̀ gun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi ṣéènì dè é, ó jókòó sókè, ó ń wo ayé. Gbogbo Ilo-Awela jáde. Ẹnì kan ní bàtírì ló kú. Ẹnì kan ní báńkì ló wá gba ọkọ̀. Nígbà tí a ṣàlàyé pé ọkọ̀ náà le koko, pé òfin ni kò jẹ́ kí a wà á, wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá oníṣu tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ẹ wo ìyàwó tuntun! Kò fẹ́ fẹsẹ̀ rìn relé ọkọ!" Nílùú wa, ẹni tó rú òfin lọ́gbọ́n lójú, ẹni tó pa á mọ́ ló gọ̀.

A dé ibi àyẹ̀wò. Òṣìṣẹ́ tó dá wa lóhùn tẹ bírèkì lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tẹ̀, ó wá wo ojú àbúrò mi. Bírèkì ẹ̀yìn ò mú rárá. Mẹkáníìkì tú u lọ́jọ́ kejì, ó rí i pé epo bírèkì ti ń jò látọjọ́ tó ti pẹ́. Ọkọ̀ tó ń dán gbinrin yẹn, ká ní ejẹ́ǹtì ló bá wa mú ìwé rẹ̀ wá ni, ì bá ti wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta nírọ̀lẹ́ Sátidé náà, pẹ̀lú ìwé tó sọ pé ó yẹ ojú pópó, ní wákàtí tí èrò ń sọdá lábẹ́ bírígì Ṣàngó, tí àwọn ìyá ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́bàá títì.

Mo ti wá rí ohun tí mo fojú fò nínú òwe náà látọjọ́ yìí. Okùn tí adìẹ bà lé, okùn aṣọ ni. Àwọn àgbà ní ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àwa ti yanjú ìyẹn: ara rọ okùn, ara rọ adìẹ, àwọn méjèèjì ti ń sùn. Ẹ gbójú sókè díẹ̀, ẹ wo aṣọ funfun tí ẹlòmíràn fọ̀ tó sá sórí okùn náà, kí ẹ sì wo ohun tí adìẹ ń ṣu sí i.