Òkété Inú Fóònù

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àwọn àgbà kò fi òwe yìí ṣeré. Kí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba tó délẹ̀ Yorùbá, òun ni àdéhùn tó wà láàrin òbí àti ọmọ: ẹni tó fún ni lọ́mú lánàá ń retí tirẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó ni pé òkété àjèjì kan lè dé, tí kò ní í dàgbà, tí kò bímọ, síbẹ̀ tí yóò máa mu ọmú ọmọ ọlọ́mọ.

Hamster lorúkọ rẹ̀. Oṣù Kẹta 2024 ló wọ orí Telegram, nínú eré tí wọ́n ń pè ní Hamster Kombat. Hamster gidi kò ju eku onírù kúkúrú lọ. Òyìnbó a máa sìn ín sínú àgò, kì í sì í pa á jẹ. Ìyẹn nìkan tó láti ta ará Oǹdó lólobó. Nínú fóònù, eku yìí ti di ọ̀gá iléeṣẹ́ owó krípítò. Iṣẹ́ tó gbé fún ẹni tó ni fóònù ni kó máa fi ìka tẹ òun. Bí ìka ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni kọ́ìnì ń wọlé, wọ́n sì ní lọ́jọ́ kan, kọ́ìnì yóò di owó.

Ni ìka bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti géètì yunifásítì FUTA dé Ọjà Ọba, láti Àkúrẹ́ dé Yábà ní Oǹdó, ẹni tí kò tẹ̀ mọ ẹni tó ń tẹ̀. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, wọ́n á gbé fóònù tọ oníjẹnẹrétọ̀. Lójoojúmọ́, eku a tún gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi àmì Morse tẹ̀, ìyẹn èdè àwọn atẹ́wáyà ayé Lugard. Ọmọ tí kò wọ ilé ìfìwéránṣẹ́ rí, ó di akọ̀wé wáyà ọ̀sán gangan.

“Kí lò ń tẹ̀ láti àárọ̀?”

“Owó ni, Màámi. Wọ́n máa list láìpẹ́.”

“Ta ló ń jẹ́ List?”

Báwo ni ìyá ò ṣe ní í bẹ̀rù? Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà ọdún yẹn, àjọ EFCC kó èèyàn 127 ní Àkúrẹ́, wọ́n ní àwọn fura sí wọn pé oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n. Obìnrin tó bá rí ọmọ rẹ̀ tó ń tẹ fóònù méjì lóru lásìkò náà, àyà rẹ̀ á já. Bó bá wá gbọ́ pé eku lásán ni, á kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù rèé. Nínú Oṣù Kẹta 2024 kan náà tí eku dé ni owó kòkó kọjá 10,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan ní ọjà New York, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kó tó di ọdún tuntun, ó ti kọjá 12,000. Ojú ọjọ́ àti àrùn ló ba kòkó jẹ́ ní Ghana àti Côte d'Ivoire, ni gbogbo ayé bá ń wá kòkó kiri. Ìpínlẹ̀ wo ló wá ń kó kòkó jù ní Nàìjíríà? Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó á kọjá ní Ọ̀wẹnà, níbi tí CRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó, ní ẹ̀ka sí. Kòkó ń bẹ lápá ọ̀tún, kòkó ń bẹ lápá òsì. Èrò inú mọ́tò tẹrí ba, wọ́n ń tẹ eku.

Kòkó yìí gan-an ni ọmọ tó fún òkété àgbà lọ́mú. Owó rẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955, ó sì wà lẹ́yìn WNTV, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní Oṣù Kẹwàá 1959. Kí àgbà tó ń bá ọmọdé jà nítorí ohun tó ń tàn lójú fóònù rántí ẹni tó ra èyí tó kọ́kọ́ tàn.

A ò sì ní parọ́ mọ́ ọmọ. Kòkó ń gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so, ilẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ ẹbí, iye tí wọ́n ń dá ní New York kọ́ ló sì ń dé ọwọ́ àgbẹ̀. Notcoin, eré títẹ̀ mìíràn tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n eku yìí, ti sanwó ní Oṣù Karùn-ún, àwọn kan sì jẹ nínú rẹ̀. Ta ló fẹ́ gbé àdá lé ọ̀dọ́ tó gboyè tí kò ríṣẹ́ lọ́wọ́, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ fi ìka lásán pawó?

Ọjọ́ 26 Oṣù Kẹsàn-án ni List dé, ìyẹn ọjọ́ tí kọ́ìnì wọ ọjà. Àwọn tó ni eré ní àwọn tó ti bá àwọn tẹ̀ lé ní 300 mílíọ̀nù, pé 131 mílíọ̀nù ló yege, àti pé àwọn lé mílíọ̀nù 2.3 dànù nítorí màgòmágó. Eku ń pe èèyàn lólè! Nǹkan bíi sẹ́ǹtì kan ni kọ́ìnì kan fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń já wálẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹni tó gba 1,000 gba dọ́là mẹ́wàá, bíi 16,000 náírà, fún oṣù mẹ́fà tó fi tẹ̀ ẹ́. A ò tíì yọ owó dátà. Wọ́n ní òkété bá Ifá mulẹ̀, ó da Ifá. Eléyìí ò tilẹ̀ bá ẹnì kankan mulẹ̀. “Mo gbà” ni wọ́n tẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kà á.

Ta ló wá mu ọmú ta? Ojú àwọn ọmọ lọmú ọ̀hún. Láàrin oṣù díẹ̀, àwọn tó ń tẹ̀lé eku lórí YouTube ti lé ní 30 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ibi tí ojú bá pọ̀ sí ni olówó ìpolówó ń dà sí. Eku mu ti ọmọ tán, ọmọ padà sílé lọ mu ti ìyá: “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi 1,000 ra dátà.” Ìyá tó yẹ kí wọ́n máa fún lọ́mú, òun ló wá ń fún òkété méjì. Nígbà tó sì di Oṣù Kìíní 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i kí owó ìpè àti dátà fi ìdajì gbéra.

CBEX, ètò ìdókòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, náà dé ní tirẹ̀. Ìyẹn ò bèèrè ìka, àpò ló bèèrè: owó á di ìlọ́po méjì láàrin ọgbọ̀n ọjọ́. Àwọn ìyá wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó dákú ní Oṣù Kẹrin 2025, èrò ya wọ ọ́fíìsì tó ní ní Ìbàdàn, wọ́n ń kó ẹrù jáde. Ẹni tó bá rí àga gbé ṣoríire. Ó kéré tán, ó rí ohun jókòó lé tẹ fóònù.