Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà àti Ìkànnì Ìjọ

Kí ìtìjú má baà pa mí, bí ẹlòmíì ni n ó ṣe ròyìn ara mi. Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é ní ìjọ rẹ̀ n'Íbàdàn, torí òun ló máa ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì ṣe: á pa á, á tún tàn án. Èyí ni ìgbìmọ̀ rí tí wọ́n fi ní kó ṣe ìkànnì ayélujára fún ìjọ.

WordPress, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, ló lò, ìyẹn ò burú. Láti 2003 ló ti wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Theme ni aṣọ tí ìkànnì ń wọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Bọ̀dá ò yà síbẹ̀. Theme olówó dọ́là kan ló wọ̀ ọ́ lójú: àwọn òyìnbó gbọ́wọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn onígíláàsì, iná aláwọ̀ àlùkò ń tàn lẹ́yìn wọn. Ó fi han Ìyá Ìjọ.

"Ọmọ mi, irú èyí gan-an la fẹ́."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá a wá crack rẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n jí, lọ́fẹ̀ẹ́. Bọ̀dá tún súre fún un.

Àwọn òyìnbó ò bá theme náà wá. Ó bá gbé fọ́tò Ẹgbẹ́ Ìyá síbẹ̀, ìyá 24 nínú àǹkárá kan náà, gèlè ga fíofío. Àwòrán gbọọrọ tó dùbúlẹ̀ ni theme fẹ́, òró sì ni wọ́n gbé fóònù ya tiwọn. Theme gé orí, ó gé ẹsẹ̀, ó ku ikùn àti báàgì. Ìyá kan pè: "Bọ̀dá, ta ló bẹ́ gbogbo wa lórí?"

Fọ́ǹtì rẹ̀ ńkọ́? Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ìwé ìpè ìgbéyàwó, kò sì ní ẹ, kò ní ọ. Lẹ́tà tí fọ́ǹtì ò bá ní, ara fọ́ǹtì mìíràn ni wọ́n ti ń yá a. "Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi" wá dà bí ẹni tó wọ bàtà sẹ́sẹ̀ kan, tó wọ sílípáàsì sí ìkejì. Àmì ohùn tiẹ̀ tún le jù, torí Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù lórí kọ̀ǹpútà, ò ní kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́: ẹ ní tirẹ̀, àmì ní tirẹ̀, fọ́ǹtì ni yóò gbé ọ̀kan lé èkejì. Ti Bọ̀dá ò gbé e. Gbogbo àmì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí fìlà tí atẹ́gùn gbá.

Ní Sunday kan, Bàbá Díákónì pè. "Mo tẹ ìkànnì wa kí n wo àkókò ìsìn, wọ́n ní kí n wá ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ṣé bí a ó ṣe kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun nìyẹn?"

Bọ̀dá wo kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kò rí nǹkan kan. "Bàbá, fóònù yín ló ti kó fáírọ́ọ̀sì." Ó sọ ọ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ènìyàn méje mìíràn ti pè. Kò mọ̀ pé àwọn tó ń pín theme crack sábà máa ń fi kóòdù pamọ́ sínú rẹ̀, kóòdù ọ̀hún sì lè fojú pamọ́ fún ẹni tó bá wọlé gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Àlejò nìkan ni í rí i. Nígbà tó wá yé Bọ̀dá, ó padà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá. Bàbá ní òun ti ra fóònù mìíràn.

Bọ̀dá pa gbogbo ìkànnì náà rẹ́. Ó mú Twenty Twenty-Four, ọ̀kan lára àwọn theme tí WordPress fúnra rẹ̀ ń ṣe láti 2010, ó lo Noto, fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ ti Google tó mọ àmì wa, ó gbé àkókò ìsìn sókè pátápátá. Wọ́n tún fọ́tò yà, fóònù dùbúlẹ̀, orí 24 pé.

Ìyá Ìjọ wò ó títí. "Ó dáa o. Àwọn òyìnbó yẹn ńkọ́? Wọ́n ti kúrò ní ìjọ ni?"